Mo Kọ̀ fún Bàbá Ará Jàpáànì ní Orúkọ Yétúndé

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Ọmọ etí òkun ni mí, ní ìhà Ugbó, ẹja ni mo ń yan. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi fún bí ọdún mẹ́fà. N kò sọ ọ́ fún ìyá mi, n kò sọ ọ́ fún wòlíì ìjọ wa. Bí kò bá jẹ́ pé Àǹtí Tíṣà ń padà bọ̀ ní Sátidé, bóyá ǹ bá gbé e wọ sàréè.

Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò ní ilé-ìwé. Bàbá mi lọ sí òkun, kò bọ̀, ìyá mi nìkan kò sì lè sá edé kó tún yan ẹja. Bíbélì ni mo fi kọ́ ara mi ní Yorùbá kíkà títí ó fi já geere lẹ́nu mi. Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó nǹkan. Ojú sì máa ń tì mí púpọ̀. Bí àlejò bá ti ń gun àkàbà ilé wa bọ̀, ìdí ààrò ni mo máa ń sá lọ, èéfín á máa ta mí lójú níbẹ̀ títí àlejò yóò fi lọ.

Yétúndé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi jù ú, ilé kan náà la sì ti dàgbà. Bí ó bá rẹ́rìn-ín nínú ilé wa, àwọn ará òdì kejì omi á gbọ́. Òun ló sọ mí ní Ìyá Jẹ́jẹ́. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá fún un. Bí wọ́n bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń dà bí ẹni pé inú àwo tèmi ni wọ́n ti bu ú.

Àǹtí Tíṣà, olùkọ́ Yétúndé ní ilé-ìwé, wá láti ìhà Ọ̀yọ́. Ẹ̀rù omi ń bà á débi pé, bó bá ti wọ ọkọ̀, ṣe ni yóò di ojú rẹ̀ pa títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Òun ló gbé ìwé ìtàn ẹranko kan wá, tí bàbá arúgbó kan ní ilẹ̀ Jàpáànì kọ fún àwọn ọmọdé. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó máa ń kà á fún kíláàsì Yétúndé, á sì máa túmọ̀ rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá bó ti ń kà á lọ.

Èmi kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé mọ́. Ilé-ìwé wa wà lórí òpó bí ilé gbogbo wa, nítorí náà mo máa ń wa ọkọ̀ mi lọ sí abẹ́ fèrèsé. Màá mú igbá, màá sì máa gbọ́n omi. Omi kankan kò sí nínú ọkọ̀ náà. Mo kàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí pé kí ni mo ń wá níbẹ̀.

Ìtàn àwọn ẹranko tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ ló máa ń wà lẹ́yìn wọn. Ìjàpá á jalè, wọn á nà án, wọn á ní kí ọmọdé má jalè. Ti bàbá yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹranko tirẹ̀ kì í wọ aṣọ, kì í sì í bá ọmọdé wí. Ebi máa ń pa wọ́n, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n, wọ́n sì máa ń dúró de ara wọn. Ó kọ ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan tí ohùn ara rẹ̀ ń dẹ́rù bà, tó máa ń wá sí abẹ́ fèrèsé ìyá arúgbó kan láràárọ̀ láti gbọ́ bí ó ti ń kọrin. Mo fi igbá bojú nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní, ta ló sọ ọ̀rọ̀ mi fún bàbá yìí?

Ìgbà tí Àǹtí ka ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n kọ ìgbésí ayé bàbá náà sí, ni mo wá mọ̀. Ọmọ apẹja ni. Òkun ló gbé bàbá tirẹ̀ náà lọ. Akólòlò ni nígbà tó wà ní kékeré, kò sì ní ẹni tó lè mú sùúrù gbọ́ ọ tán àfi àwọn ẹran ọ̀sìn àti ẹyẹ. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, ẹja ni wọ́n jọ ń sá. Títí irun rẹ̀ fi ń funfun, iṣẹ́ ẹja ló ń ṣe, orí bébà tí wọ́n fi ń di ẹja ló sì ti kọ́kọ́ kọ ìtàn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ di tèmi. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. N kò rí i rí, n kò lè ka ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ kíláàsì bá ń rẹ́rìn-ín lókè, inú máa ń bí mi. Lójú tèmi, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, Yétúndé kọ ìtàn tirẹ̀. Ó kà á fún kíláàsì ní Ọjọ́rú kan, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti abẹ́ fèrèsé. Akàn kan wà tí kì í jáde sí gbangba. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, lékeléke aláriwo kan. Lọ́jọ́ kan, òkun gba ihò akàn, gbogbo ẹ̀dá etí omi sì ń sá lọ, ṣùgbọ́n apá lékeléke ti ṣẹ́. Akàn dúró tì í fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan láti fi tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí omi wá fẹ́ bò wọ́n, lékeléke ní kó máa lọ. Akàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ló fi rìn, nítorí kò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Títí di òní, ẹ̀gbẹ́ náà ló ń fi rìn.

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ débi pé pákó ilé-ìwé ń mì. Àǹtí Tíṣà ní kí Yétúndé tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó sì kọ lẹ́tà tì í, òun yóò fi wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá ará Jàpáànì.

N kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá mi rò pé ibà ni.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba gbé Àǹtí Tíṣà lọ sí Àkúrẹ́. Ilé-ìwé wà ní ìsinmi nígbà tí èsì dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé a kì í gbé lẹ́tà kiri ojúlé. Ẹni tó bá wakọ̀ láti Ìgbòkọ̀dá bọ̀ yóò fi í fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí ní ebúté nínú ará ilé náà. Awakọ̀ ọjọ́ náà, àlejò ni, ó kàn ń wakọ̀ dípò ẹni tó ń ṣàìsàn ni.

Ó na àpò ìwé kan sí mi. "Wọ́n ní ìwọ ni ará ilé Yétúndé?"

Mo fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dára. Bá mi fún un. Ó wá láti òkèèrè o, má jẹ́ kí omi kàn án."

N kò jẹ́ kí omi kàn án. Ṣùgbọ́n n kò fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò gbèrò ibi nígbà náà. Mo kàn fẹ́ fi ọwọ́ kàn án fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ kan di ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún mo gbé ẹja lọ sí ọjà Ìgbòkọ̀dá, mo sì mú lẹ́tà náà lọ́wọ́. Àgùnbánirọ̀ kan wà níbẹ̀ tó máa ń bá àwọn ènìyàn ka ìwé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ka èyí fún mi.

"Ìwọ ni Yétúndé?" ló bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí irọ́ náà ṣe rọrùn tó yà mí lẹ́nu.

Ọmọ bàbá náà obìnrin ló bá a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ní òun ti ka ìtàn akàn fún àwọn ọmọ àdúgbò òun lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ìwé kan ń bẹ lọ́wọ́ òun tí òun rò pé yóò jẹ́ ìwé ìkẹyìn òun, nítorí ara òun kò le mọ́, òun sì fẹ́ kí ìtàn akàn kẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ Yétúndé lórí rẹ̀. Ó ní òun kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kankan, nítorí kì í ṣe ti òun. Ojú ewé tí Yétúndé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló dá padà, kó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá gbà, kó kọ bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá gbà, kó kọ rárá, òun kò ní béèrè ìdí.

Ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀. Àgùnbánirọ̀ náà rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó kà á. Bàbá ní: o sọ nínú lẹ́tà rẹ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni akàn yìí, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ jùlọ. Bá mi kí i. Èmi náà sá pamọ́ sẹ́yìn ẹja rí.

Ẹlòmíràn ì bá sunkún níbẹ̀. Ọkàn ẹlòmíràn ì bá rọ̀. Èmi, ṣe ni mo bínú. Mo ní, ẹ wo Yétúndé! Ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi láyé, ó gbà á. Kò tán síbẹ̀, ó tún mú èmi fúnra mi, ó sọ mí di akàn, ó fi mí ránṣẹ́ sí i bí ẹní fi ẹja tọrẹ. Èmi tí mo jókòó lábẹ́ fèrèsé láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu Yétúndé ni bàbá yìí ti máa mọ̀ mí!

"Oríire ńlá mà lèyí o," ni àgùnbánirọ̀ náà wí. Ó ti mú bírò jáde. "Kí ni ká kọ? Bẹ́ẹ̀ ni, àbí?"

"Rárá."

"Rárá kẹ̀? Ṣé ó yé ọ báyìí? Wọ́n fẹ́ tẹ ìtàn rẹ sínú ìwé ni o!"

"Ó yé mi, sà. Ẹ kọ rárá. Ẹ kọ ọ́ pé n kò fẹ́, kí wọ́n má sì kọ̀wé sí mi mọ́."

N kò tíì bá àlejò sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ wo ibi tí mo ti rí ẹnu. Ó wò mí títí, ó mi orí, ó kọ ọ́. Mo fún un ní ẹja méjì, ó sì bá mi fi èsì náà ránṣẹ́.

Mo padà sílé. Ní ọ̀dọ̀ wa, ohun tí a kò bá fẹ́ kí ọ̀rinrin àti kòkòrò bàjẹ́, orí àjà òkè ààrò ni à ń gbé e sí, kí èéfín lè máa fẹ́ ẹ. Mo fi ọ̀rá di lẹ́tà náà àti ìtàn náà, mo gbé wọn síbẹ̀. N kò lè jó wọn. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ bàbá náà wà níbẹ̀, orúkọ tí bàbá fúnra rẹ̀ kọ sì wà nísàlẹ̀, ó gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí ẹrẹ̀.

Yétúndé dúró de èsì. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, yóò sáré lọ sí ebúté. Nígbà àkọ́kọ́, ó ń fi í ṣeré. Á ní, "Ìyá Jẹ́jẹ́, akàn mi ṣì ń rìn lọ sí Jàpáànì. Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ló ń fi rìn, yóò pẹ́!" Nígbà tó yá, kò fi í ṣeré mọ́. Ó bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ìtàn náà kò dára. Mo ní n kò mọ̀wé, báwo ni màá ṣe mọ̀?

Lẹ́yìn ọdún méjì, ó kó gbogbo ìwé tó ti ń kọ ìtàn sí wá sí ìdí ààrò wa, ó ní kí n bá òun fi dáná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kó wọn sínú iná, láàárín igi ẹ̀gbà tí a fi ń dáná, nígbà tí èyí tó kù wà lókè orí àwa méjèèjì. Ó jókòó, ó ń wò ó. Ó ní, "Ó jó dáadáa, àbí?" Láti ìgbà náà kò kọ nǹkan kan mọ́. Ó lọ́kọ, ó ń ta epo ọkọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, òkun ya wọ abúlé wa, ó sì wó ilé mẹ́fà. Nígbà tí omi ń ti ìsàlẹ̀ pákó wa, gbogbo ènìyàn ń kó ẹrù, èmi gun òkè ààrò, mo fa ọ̀rá dúdú kan yọ, mo dì í mọ́ àyà. Yétúndé ti wa ọkọ̀ wá kó wa. Nígbà tí a jókòó tán, ó wò mí.

"Kí lo dì mọ́ra báyìí?"

"Ìwé ìbí mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Jẹ́jẹ́! O fi ìkòkò ìyá rẹ sílẹ̀ fún òkun, o gbé ìwé ìbí! Ta ló sọ fún ọ pé ẹnì kan ń jiyàn pé wọ́n bí ọ?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi pàápàá rẹ́rìn-ín, ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ń léfòó lọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Àǹtí Tíṣà dé láìròtẹ́lẹ̀, ó di ojú rẹ̀ pa nínú ọkọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá ará Jàpáànì ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló fi ìwé ìkẹyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí. Àǹtí ṣí i sí ìparí. Wọ́n ya akàn kékeré kan sí igun ojú ewé, gbogbo ìyókù funfun. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ wà nísàlẹ̀, Àǹtí túmọ̀ rẹ̀: "Ìtàn tó yẹ kó wà níbí, ọmọbìnrin kan tó ń gbé lórí omi ló ni ín. Ó ní kí n má lò ó. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é."

"Yétúndé," ni Àǹtí wí, "kí ló dé tí o kọ̀ fún bàbá arúgbó? Ṣé ìgbéraga ni?"

"Èmi kẹ̀? Àǹtí, ẹ wò mí dáadáa. Èmi tí mo lo ọdún méjì ní ebúté?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹkún rẹ̀ kẹ́yìn. Àǹtí ní ọmọ bàbá náà fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀, àyè náà sì ṣì ṣófo. Bí Yétúndé bá lè rí ìtàn náà, òun yóò padà wá gbà á ní Sátidé yìí.

Ṣùgbọ́n kò rí i. Orí ìtàn wà lọ́kàn rẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀, àárín rẹ̀ ló ti dànù. Kò rántí ohun tí akàn ṣe fún lékeléke ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ó ń gbìyànjú rẹ̀, ó ń fà á ya. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni òun ń kọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé tí bàbá fẹ́ràn nígbà náà. Ó sì ń ronú ẹni tó ṣe òun ní èyí. Ó ti dárúkọ gbogbo ayé tán. Lánàá ó wò mí, ó ní, "Ìwọ nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ sí. Ìwọ tí o kò lè kí àlejò, ibo ni o ti máa rí ojú kọ lẹ́tà?"

Mo wá sọ pé mo rántí díẹ̀ nínú ìtàn náà, pé mo gbọ́ ọ láti abẹ́ fèrèsé. Mo sọ ti ọjọ́ kìíní fún un, bí akàn ṣe fi ẹrẹ̀ tútù bo apá lékeléke. Ó pariwo, ó fò mọ́ mi lọ́rùn. "Òun gan-an ni! Ìyá Jẹ́jẹ́, a ó ní kí wọ́n kọ orúkọ tìrẹ náà sí i!"

Ẹ gbọ́ bí mo ti burú tó. Inú mi dùn. Mo rí orúkọ mi nínú ìwé bàbá náà, mo sì ti ń rò ó lọ́kàn pé bí mo bá sọ ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta fún un láti orí, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láé. Mo sùn lé ayọ̀ náà lórí. Òwúrọ̀ yìí ni ẹ̀rù ara mi wá bà mí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù àbúrò mi tí mo ń kọ èyí sí yín.

Bàbá náà ti lọ, ó sì gbà á gbọ́ wọ sàréè pé ọmọ kan tí òun fẹ́ràn kọ òun. Ẹ̀bẹ̀ mi kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Yétúndé nìkan ló kù. Mo mọ̀ pé bí mo bá fún un ní ọ̀rá yìí, òórùn èéfín ààrò wa ni yóò kọ́kọ́ kí i, kò ní bi mí ibi tí mo ti rí i. Bóyá kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. N kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò bẹ̀ yín kí ẹ ní mo ṣe dáadáa. Mo ti mú ọ̀rá náà sọ̀ kalẹ̀, ó wà lórí itan mi bí mo ti ń kọ èyí, mo sì ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Yétúndé tó ń ti ọjà bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́wọ́ irú èyí rí fún ẹni tó fẹ́ràn yín, ọ̀rọ̀ wo ni ẹ kọ́kọ́ sọ? Ẹ fún mi ní ẹyọ kan péré. Bí mo bá ti sọ ìyẹn jáde, màá lè sọ ìyókù.